Ọmọ Mi, Jẹ́ Kí Kóòdù Rẹ Máa Dáhùn

Ọmọ mi, sún mọ́ mi, jókòó. Mo rí i pé o ti mọ Python, o ti fọwọ́ kan Java, o sì ti ń yọjú wo Rust, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ gbogbo èdè wọ̀nyí tí àwọn tó ń kọ́ni kì í dúró lé lórí tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí o bá rán ọmọ méjì níṣẹ́, tí ọ̀kan ṣe é tó sì bá tirẹ̀ lọ, tí èkejì ṣe é tó padà wá fi èsì lé ọ lọ́wọ́, ìwọ náà mọ èyí tí wàá tún rán lọ́la. Nínú kóòdù, gbólóhùn tó ń mú èsì bọ̀ ni wọ́n ń pè ní expression. Èyí tó kàn ń ṣe nǹkan, tí kò mú ohunkóhun bọ̀, ni statement. Níbi tí èdè bá ti gbà ọ́ láyè, ọmọ mi, jẹ́ kí gbólóhùn rẹ dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tí FORTRAN jáde láti IBM ní 1957, iṣẹ́ IF rẹ̀ kò ju kó wo iye kan, bóyá ó kéré sí òdo, bóyá òdo ni, bóyá ó ju òdo lọ, kó sì fò lọ sí ìlà tí wọ́n ní kó lọ. John McCarthy, tó ń fi èdè náà kọ ètò ayò chess ní MIT lásìkò yẹn, rí i pé èyí ń ni òun lára, ó wá ṣe function kan tó pè ní XIF, tí yóò wo ohun àkọ́kọ́ tí a fún un, tí yóò sì mú ọ̀kan nínú méjì yòókù wá gẹ́gẹ́ bí èsì. Ó dín ìkọ̀wé kù lóòótọ́, àmọ́ FORTRAN á ti ṣírò ọ̀nà méjèèjì tán kí XIF tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí a fẹ́ àti èyí tí a kò fẹ́. Láti ibẹ̀ ni McCarthy ti ronú dé orí if tòótọ́, èyí tó ń ṣírò apá tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan, tó sì ń dáhùn. Ó wọ inú èdè Lisp, ó sì wọ èdè ALGOL 60.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ká ní ò ń ṣírò owó ọkọ̀ fún ọmọdé, àgbàlagbà àti arúgbó. Ẹni tó ń kọ ọ́ bí àṣẹ, ìyẹn statement, yóò kọ́kọ́ dá orúkọ kan sílẹ̀ lófìfo, yóò wá máa kún un ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka tó bá sì gbàgbé, òfìfo náà ni yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí oníbàárà yóò ko ó. Ní Kotlin tàbí Rust, bí o bá ti ní ohun tí if bá mú wá ni iye orúkọ náà, compiler kò ní jẹ́ kí o lọ láìkọ else. Rust tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlà ìkẹyìn tí kò ní semicolon ni èsì; fi semicolon sí i, ọwọ́ òfìfo ló máa bá padà, compiler á sì pariwo. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bínú sí i. Má bínú sí i, ọmọ mi, ààbò rẹ ló ń ṣe. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: ohun tí èdè ML ti ń ṣe ní Edinburgh láti bí 1970 sí 1980 ni Java wá gbà ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí Java 14 mú switch tó ń dáhùn wá, tí kò gbà kí ọ̀nà kankan ṣófo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ló yẹ kó dáhùn. Ní C, fífi iye sínú orúkọ náà ń mú èsì bọ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ní oṣù kọkànlá 2003, ẹnìkan tí a kò mọ̀ ki ìlà méjì bọ ẹ̀dà kan kóòdù Linux. Lójú ẹni tó ń kánjú, ó ń béèrè bóyá uid, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹni tó pè é jẹ́ òdo; àmọ́ àmì = kan ṣoṣo ló wà níbi tó yẹ kí méjì wà, kò béèrè ohunkóhun, ńṣe ló ń fi onítọ̀hún jẹ root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà tí uid tirẹ̀ jẹ́ òdo. Nítorí pé ẹ̀dà náà kò bá ojúlówó mu ni wọ́n fi rí i. Ìdí nìyí tí Kotlin kò fi gbà kí = dáhùn rárá, tí Python sì wá àmì mìíràn, :=, nígbà tó gbà á ní 2019, lẹ́yìn àríyànjiyàn tó le débi pé Guido van Rossum fi ipò olórí Python sílẹ̀ ní oṣù keje 2018.

Nítorí náà, fífi owó ránṣẹ́ àti kíkọ nǹkan sínú fáìlì, àṣẹ ni wọ́n. Fi wọ́n sí gbangba, má fi wọ́n pamọ́ sínú ìbéèrè if. Bí if bá sì ti wọnú if lẹ́ẹ̀mẹta, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀.

Lálẹ́ òní, ṣí iṣẹ́ tí o ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wá ibi tí o ti dá orúkọ sílẹ̀ lófìfo, tí o fi if kún un lẹ́yìn. Tún un kọ kí èsì náà ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá. Bí o bá rí ẹ̀ka tí o gbàgbé, mú un wá, kí a jọ wò ó.