Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÌBÒ TÍ A DÌ TÍ A KÒ KÀ

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ìwé yìí. Ẹ kọ́kọ́ ka ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ẹ jíròrò lórí rẹ̀, kí ẹ tó ka àlàyé wa.

Ìṣẹ̀lẹ̀
Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dìbò yan gómìnà. Ẹni tó ṣíwájú ní ìbò 254,698. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. Wọ́n ti wọ́gi lé ìdìbò ní ibùdó méje, iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì ju 353 lọ. Nítorí náà, àjọ elétò ìdìbò kò tíì kéde ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ìbò dì níbẹ̀ ní ọjọ́ 27, ẹni tó wà ní ipò kejì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì kéde pé ó borí, pẹ̀lú ìbò 482. Bẹ́ẹ̀, nínú ìdìbò àkọ́kọ́, ìwé ìdìbò tó lé ní 42,000 ni a kò kà fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé wọn kò bófin mu.

Ìjíròrò
1. Ǹjẹ́ àwọn tó ni ìwé wọ̀nyí mọ̀ pé a kò ka ìbò wọn?
2. Ẹnìkan ní, "Ìbò tèmi nìkan kò lè tu irun kan." Èsì wo ni 353 fún un?

Àlàyé
Àwọn olùdìbò wọ̀nyí kò jókòó sílé. Wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ti dìbò. Àwọn ohun tó lè ba ìbò jẹ́ nìwọ̀nyí: títẹ ìka sí àmì ẹgbẹ́ méjì, àìtẹ̀ka rárá, kíkọ orúkọ ẹni sórí ìwé, àti kíká ìwé kí tàdáwà tó gbẹ, tí yóò fi ràn mọ́ àmì mìíràn.

Bí ẹ bá ṣèèṣì ba ìwé jẹ́ ńkọ́? Ẹ má jù ú sínú àpótí. Òfin fàyè gbà yín láti dá a padà fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkóso ibùdó, kí ó wọ́gi lé e, kí ó sì fún yín ní òmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwé tó bá ti wọ àpótí kò ní àtúnṣe mọ́.

Ìdánrawò
Ẹ wo ìwé ìdìbò mẹ́rin tó wà nínú àwòrán ìsàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìdìbò, èwo ni ẹ ó kà? Èwo ni ẹ kò ní kà? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì yín.