Àpótí Ìmọ̀: Àwọn Jíìnì tí ń Pàṣẹ fún Irun

Ní Ẹdẹ Màpó Arógun, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, níbi tí àwọn adóṣù Ṣàngó, ọkùnrin gidi, ti ń dirun bí obìnrin nítorí ọlá Olúkòso, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé irun ní ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n inú oyún ni a ti ń pín irun fún ẹ̀dá, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ 9 sí 12 ni ihò irun àkọ́kọ́ máa ń fojú hàn lára ọmọ inú. Iṣẹ́ tí jíìnì Wnt rán ló ń ṣáájú: ibi tí ó bá dé, awọ a nípọn, a sì rì sísàlẹ̀ di ihò; jíìnì EDAR a gbè é lẹ́yìn, jíìnì BMP a sì máa dènà fún àyíká rẹ̀, kí ihò má baà fún mọ́ra jù.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹ wo tiyín, ẹ kò ní rí irun kan níbẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jíìnì DKK2 ló ń ká Wnt lọ́wọ́ kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ eku: nígbà tí wọ́n mú un kúrò, irun hù níbẹ̀. Ehoro, tí irun kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní DKK2 púpọ̀ níbẹ̀. Ohun àrà gbáà ni!

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ẹdẹ, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa jíìnì, Yunifásítì Redeemer's tó wà nílùú yín ni ilé ìwádìí ACEGID wà, níbi tí wọ́n ti ka jíìnì kòkòrò Kòrónà ní oṣù kẹta 2020. Ẹ lọ béèrè bí a ti ń kà á.