Omi inú Abọ́ Pílátù

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ wa, Ọ̀ṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Nínú eré tí àwọn ọmọdé ìjọ wa ṣe ní Gúdù Fúráídè tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Nígbà tí a délé, ó ní, "Mọ́mì, ta ló pa Jésù gan-an?" Kí n tó la ẹnu, ó ti ní tíṣà àwọn sọ pé àwọn Júù ni, ìdí nìyẹn tí ìyà fi ń jẹ wọ́n láti ìgbà náà. Bàbá rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run ti pinnu rẹ̀ kí ayé tó wà, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, àti Júdásì pàápàá. A jiyàn títí ọbẹ̀ fi tutù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?
Ìyá ọmọ, Ọ̀ṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Ẹ má bá ọmọ náà wí nítorí ariwo tó pa. Èmi náà ti ṣe Pílátù rí nínú irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Abọ́ tánganran ìyá mi ni mo fi wẹ ọwọ́ láti fi hàn pé mi ò jẹ̀bi, mo sì wẹ̀ ẹ́ débi pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe Káyáfà, olórí àlùfáà. Ńṣe ni wọ́n ń pòṣé sí i. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé a ti dá ẹni tó pàṣẹ ikú náà láre kí eré tó parí.

Nínú lẹ́tà yín, ó dà bíi pé tíṣà àti bàbá ọmọ ń ta ko ara wọn. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn méjèèjì ń bu omi sí abọ́ Pílátù.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbélébùú náà fúnra rẹ̀. Lábẹ́ òfin Mósè, òkúta ni wọ́n ń sọ pa ẹni tó bá sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Bí Sítéfánù ṣe kú nìyẹn. Àgbélébùú ni ìjọba Róòmù fi ń pa ẹrú tó bá ṣọ̀tẹ̀ àti ẹni tó bá dìtẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ẹrú tó tẹ̀ lé Spartacus, ní ọdún 71 ṣáájú ìbí Jésù, nǹkan bí 6,000 ni wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ti Capua lọ sí Róòmù, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Ẹ tún wo ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sókè orí Jésù ní èdè mẹ́ta. Kò sí ọ̀rọ̀ òdì níbẹ̀. Ọba àwọn Júù ni wọ́n pè é, ẹ̀sùn ìṣèlú gbáà, nítorí ẹni tó bá fi ara rẹ̀ jọba láìgbàṣẹ lọ́wọ́ Késárì, ọ̀tá Késárì ni. Tacitus, òpìtàn Róòmù tí kò fẹ́ràn Kristẹni, tí kò sì fẹ́ràn Júù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Pọ́ntíù Pílátù ló pa Kristi nígbà ayé Késárì Tìbéríù.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa yóò tètè mọ irú ẹni tí Pílátù jẹ́. Ajẹ́lẹ̀ ni. Irú àwọn tí Ìbàdàn rán sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kí Ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877: ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, ìjòyè ṣì ń jókòó, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàrin ọdún 26 sí 36 ni Pílátù fi ṣàkóso Jùdíà. Késáríà létí òkun ló ń gbé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti hú òkúta tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní 1961. Bí àjọ ńlá bíi Ìrékọjá bá dé tí èrò kún Jerúsálẹ́mù, á gòkè wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Lúùkù sọ nípa àwọn ará Gálílì tó pa níbi tí wọ́n ti ń rúbọ. Nígbà tó sì pa àwọn ará Samáríà nípakúpa, ọ̀gá rẹ̀ ní Síríà ní kó padà sí Róòmù lọ ṣàlàyé ara rẹ̀. Irú ẹni yìí la sọ di oníyọ̀ọ́nú nínú eré ọmọdé. A tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣeré ni: Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì Etiópíà ka Pílátù mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Mátíù nìkan ló sì sọ̀rọ̀ ọwọ́ wíwẹ̀ yẹn. Àwọn Júù ti ní irú àṣà náà tipẹ́. Bí wọ́n bá bá òkú nínú oko tí wọn ò mọ ẹni tó pa á, Diutarónómì orí 21 ní kí àwọn àgbààgbà ìlú tó sún mọ́ ibẹ̀ wẹ ọwọ́ wọn lórí ẹgbọrọ màlúù. Pílátù mọ apànìyàn tirẹ̀ dáadáa.

Mi ò ní kí ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò sí Júù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà o. Káyáfà wà níbẹ̀. Gómìnà tó ṣáájú Pílátù ló fi í jẹ olórí àlùfáà, aṣọ oyè rẹ̀ pàápàá, ọwọ́ àwọn ará Róòmù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Jòhánù jẹ́ ká mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: bí èrò bá ń tẹ̀ lé ọkùnrin yìí, àwọn ará Róòmù á wá pa tẹ́ńpìlì àti ìlú run, nítorí náà ó sàn kí ẹnì kan kú. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ, torí ní ọdún 70 wọ́n pa tẹ́ńpìlì náà run lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá fa aláìṣẹ̀ lé ajẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ kí ìlú lè rójú, ó ní ẹ̀bi tirẹ̀. Júdásì náà ní tirẹ̀. Àwọn ẹ̀bi wọ̀nyí ní orúkọ àti ojú. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ìran kan.

Níbo wá ni "àwọn Júù" ti wọlé? Nínú Ìhìn Rere Jòhánù pàápàá, ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n Júù ni Jésù, Júù ni Màríà, Júù ni Pétérù àti Jòhánù. Bí ọmọ Ìbàdàn bá padà dé láti ààfin tó ní, "Àwọn Ìbàdàn ò gbà," ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ìjòyè ló ń sọ, kò ka ìyá rẹ̀ àti ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìgbà tí ìjà ọmọ ìyá ń lọ láàrin sínágọ́gù àti ìjọ tuntun ni wọ́n kọ ìwé náà. Èdè ìjà inú ilé ni. Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìta, ó di idà.

Gbólóhùn kan nínú Mátíù orí 27 ló burú jù lọ́wọ́ àwọn tó lò ó, èyí tí èrò ti ní kí ẹ̀jẹ̀ náà wà lórí àwọn àti ọmọ àwọn. Èrò mélòó ló lè dúró níwájú ilé gómìnà láàárọ̀ ọjọ́ kan? Nígbà náà, àwọn Júù wà ní Alẹkisáńdíríà, ní Róòmù àti ní Bábílónì tí wọn ò gbọ́ orúkọ Jésù rí. Síbẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, Melito, bíṣọ́ọ̀bù Sádísì, ti ń wàásù pé Ísírẹ́lì ló pa Ọlọ́run. Ní 1096, àwọn tó ń bá Ogun Àgbélébùú lọ sí Jerúsálẹ́mù pa àwọn Júù ní Worms àti Mainz lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí ló dé táwọn á fi rin ọ̀nà jíjìn nígbà tí àwọn tó pa Kristi wà nítòsí. Ọ̀sẹ̀ Ìjìyà wá di ọ̀sẹ̀ tí Júù ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní Yúróòpù. Ní Kishinev ní 1903, ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni ìpakúpa bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìyà tí tíṣà sọ pé ó ń jẹ wọ́n, òótọ́ ló jẹ wọ́n. Àwọn tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọmọ yín yẹn ló fi jẹ wọ́n.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Àwọn ará Ísírẹ́lì ìgbà Ìsíkíẹ́lì náà ní òwe kan, pé èso kíkan tí baba jẹ ló kan eyín ọmọ. Wòlíì náà lo odindi orí 18 láti gba òwe yẹn lẹ́nu wọn. Ìjọ pẹ́ kó tó gbọ́. Jules Isaac, òpìtàn ọmọ Júù ilẹ̀ Faransé tí àwọn Násì pa ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀, lọ rí Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún ní oṣù Kẹfà 1960, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí Ìjọ Kátólíìkì yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Ní 1959 Póòpù náà ti yọ ọ̀rọ̀ èébú tó wà nínú àdúrà Gúdù Fúráídè fún àwọn Júù kúrò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1965, Ìpàdé Àpapọ̀ Vatican Kejì fi ìbò 2,221 sí 88 gba ìwé Nostra Aetate: a kò lè ka ikú Jésù sí gbogbo Júù ìgbà náà lọ́rùn, ká tó wá sọ ti òde òní. Ìgbìmọ̀ Àgbáyé àwọn Ìjọ ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní New Delhi ní 1961. Ẹ lè fi èyí han tíṣà náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó wá ku bàbá ọmọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nínú ìwàásù Pétérù, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2, ìpinnu Ọlọ́run wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láìmí, nínú gbólóhùn kan náà, Pétérù tún dárúkọ ọwọ́ àwọn ẹni búburú. Kò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jósẹ́fù ṣe bá àwọn arákùnrin rẹ̀ sọ ọ́: ibi ni wọ́n gbèrò, Ọlọ́run sọ ọ́ di ire, ibi tí wọ́n gbèrò sì tún jẹ́ ibi síbẹ̀. Àwọn baba wa gba àyànmọ́ gbọ́ ju bàbá ọmọ lọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n tìtorí rẹ̀ fi olè sílẹ̀.

Ìdáhùn kẹta wà tí ẹ ò kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ oníwàásù fẹ́ràn: gbogbo wa la pa á. Ìwé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó jáde ní 1566 lẹ́yìn Ìpàdé Trent sọ pé ẹ̀bi Kristẹni tó ń dẹ́ṣẹ̀ wúwo ju ti àwọn Júù lọ, nítorí Kristẹni mọ ẹni tó ń kàn mọ́gi. Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, wàásù ohun tó jọ ọ́ ní 1519. Ní 1543 ló wá kọ ìwé burúkú sí àwọn Júù, bí ẹni pé kò wàásù rí. Mo gba ìdáhùn yìí lórí eékún. Nínú ìtàn, mo máa ń ṣọ́ ọ, nítorí bí a bá ti ní gbogbo wa ni, Pílátù á tún sá wọ àárín èrò. Bóyá ìdí nìyẹn tí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì fi di orúkọ rẹ̀ mú. Yàtọ̀ sí Jésù, èèyàn méjì péré ni ìjẹ́wọ́ náà dárúkọ, Màríà àti Pílátù.

Ohun tí ẹ ó sọ fún ọmọ náà kò gùn. Pílátù ló pàṣẹ, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló kàn án, àwọn olórí àlùfáà ló fà á lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tà á, àwọn ọ̀rẹ́ tó kù sá lọ. Bó bá bi yín pé kí ló dé tí àwọn fi ń pariwo nínú eré, ẹ sọ fún un pé ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, gbogbo ìjọ ló máa ń pa ariwo yẹn nígbà tí wọ́n bá ń ka Ìjìyà Olúwa, ọmọdé àtàgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun ì bá dákẹ́.

Bí ẹ bá lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀ eré ọdún tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n rán aṣọ kan náà fún Jésù, ìyá rẹ̀ àti àwọn èrò. Ará ilé kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá sì ṣe Pílátù, kó má wẹ ọwọ́ pẹ́.