Mi Ò Parí Yunifásítì, Ṣé Kí N Gba Ti Kútọnu?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 34 ni mí, Okoko ni mò ń gbé, sípíkà ni mò ń tà ní ọjà Àlábà. Ọdún 2011 ni wọ́n gbà mí wọlé sí LASU, yunifásítì ìjọba Èkó. Mo wà ní ọdún kejì nígbà tí bàbá mi kú, mi ò sì padà mọ́. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi mí ṣe máníjà ọjà títà, wọ́n ní kí n mú dìgírì wá. Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ẹni tó lè bá mi gbà á ní Kútọnu kí oṣù méjì tó pé. Ìyàwó mi gan-an rò pé mo parí. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Okoko

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má wọ mọ́tò Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan tú àṣírí bó ṣe gba dìgírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí tó bá ti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wá dúró. Àwọn tó jókòó kàwé níbẹ̀ lóòótọ́ pàápàá fara gbá nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máníjà, àyà rẹ̀ á máa já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ kó ìwé wọn wá.

Ní ti ojú tó ń tì ọ́: sẹ́ẹ̀tì tìrẹ gan-an ni ìjọba Èkó fi owó iléèwé LASU kún fún, láti ₦25,000 sí ohun tó wà láàárín ₦193,750 àti ₦348,750. Ọdún 2014 ni wọ́n tó dá a padà. Òbí tó wà láyé tó sì ń ṣiṣẹ́, apá rẹ̀ lè má ká a, ká má tíì sọ ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. O ò yọ̀dẹ̀, o kì í sì í ṣe olódo.

Kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin, ọdún mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn mọ, nítorí náà àyè tìrẹ ti kọjá. Ṣùgbọ́n o lè béèrè máàkì tó o gbà. Mú nọ́ńbà matric rẹ àtijọ́, sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, lọ béèrè transcript lọ́wọ́ iléèwé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu géètì pé òun á bá ọ sáré sí i, má fún un ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sí NOUN, ìyẹn National Open University. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ológun tì í ní 1984, wọ́n sì ṣí i padà lẹ́yìn náà. Wọn kì í béèrè ìdánwò UTME lọ́wọ́ ẹni. Kírẹ́dìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO ni. O lè ti ṣọ́ọ̀bù kó o tó kàwé nílé. Àwọn ni yóò sọ èyí tí wọ́n máa gbà nínú kọ́ọ̀sì tó o ti ṣe. Ó lè jẹ́ ọdún kìíní ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá parí, NYSC kò ní gbé ọ lọ sí káńpù, torí o ti lé ní ọgbọ̀n ọdún: ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún ọ.

Sọ òótọ́ fún ilé-iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá kọ̀, Àlábà ò lé ọ. Àmọ́ jọ̀wọ́, ìyàwó rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, lálẹ́ òní, kó o tó ra fọ́ọ̀mù kankan.