Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Kú Lójijì Lẹ́yìn Tí A Pààrọ̀ Káàdì Àwòrán Rẹ̀

Iṣẹ́ àwọn tí ń ya fọ́tò, àwọn tí ń ṣe fídíò àti àwọn tí ń tẹ ìwé ti di iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà lóde òní. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ ẹ̀rọ lọ́rùn, ẹni tí ó ni ín a ra káàdì tuntun tí ń gbé àwòrán jáde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní graphics card, kí iṣẹ́ lè yá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ibi tí a ti ń retí ìrọ̀rùn gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ tí kò ṣe ohunkóhun tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí kú láàárín iṣẹ́. Bí ó bá ṣe pé ní ọjọ́ Sátidé ni tọkọtaya kan ń bọ̀ wá gba fídíò ìgbéyàwó wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tún sáré náwó lé owó, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ okùn kan péré ni kò wọlé dáadáa. Ó yẹ kí a wádìí àrùn kí a tó ra oògùn.

Ohun kìn-ín-ní ni kí a ṣàkíyèsí irú ikú tí ẹ̀rọ náà ń kú. Bí ó bá kú pátápátá bí ẹni pé wọ́n mú iná lọ, tàbí tí ó tún ara rẹ̀ tàn, agbára iná ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ojú rẹ̀ bá di aró pẹ̀lú àkọlé, tàbí tí àwòrán ṣókùnkùn tí ó sì tún padà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ driver. Bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, tí fáànù wá ń pariwo kí ó tó kú, ooru ni kí a wò. Nínú Windows, Event Viewer lè fi àkọlé Kernel-Power 41 hàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èyí dárúkọ àrùn náà; ohun tí ó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà kú láìjẹ́ pé a pa á bí ó ti yẹ.

Ohun kejì ni agbára iná. Ojú ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ. Okùn oníhò 6 a fi wáàtì 75 kún un, oníhò 8 a sì fi 150 kún un. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: wáàtì 75 ni GeForce GTX 1650 ti ọdún 2019 ń lò, ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn kò fi nílò okùn kankan. Ṣùgbọ́n wáàtì 170 ni RTX 3060 ti ọdún 2021 ń lò, àwọn tí ó ṣe é sì dámọ̀ràn power pack oníwáàtì 550. Ẹni tí ó bá fi èkejì rọ́pò èkíní láìyẹ power pack rẹ̀ wò ti di ẹrù lé ẹrù. Kí a rí i pé gbogbo okùn wọlé tán, kí a má sì ṣe yá okùn power pack mìíràn lò, nítorí ètò iná inú wọn lè yàtọ̀. Bí a bá ń lo UPS kékeré, kí a yẹ òun náà wò.

Ohun kẹta ni driver. Kí a yọ ti àtijọ́ kúrò tán ní Safe Mode, kí a sì fi tuntun tí ó ti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe káàdì náà wá sí i. Lẹ́yìn èyí, kí a gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí a dá káàdì àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ ní àlàáfíà, kí a gbé tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tí iná rẹ̀ tó. Bí ó bá tún kú níbẹ̀, káàdì náà ni ó ní àbùkù. Kí a mú un padà tòun ti rìsíìtì kí ọjọ́ ìdánilójú rẹ̀ tó kọjá. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a kò ní mọ èyí tí ó wo ẹ̀rọ sàn.

Ìkìlọ̀ kan kù. Kí a yọ okùn iná kúrò lára ògiri kí a tó fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ, kí a sì fi ọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí a tó mú káàdì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú power pack fúnra rẹ̀ láé, nítorí iná lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.