Ó Ń Kùn Ni, àbí Ó Ń Kù?

Ẹni tó bá rò pé òun gbọ́ Yorùbá dáadáa, kó gbé ọkọ̀ tó ń dún lọ bá mẹkáníìkì, kó wá ṣàlàyé ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ní Ailegun ni, ní ọgbà mẹkáníìkì kan, ní ọ̀sán tí oòrùn mú débi pé sípánà ń jó ni lọ́wọ́. Mo gbé píkọ́ọ̀pù mi wọlé, Toyota Tacoma tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé máìlì ló ń kà, kì í ka kìlómítà. Mo kí ọ̀gá, mo ní, "Ọkọ̀ yìí ń pariwo."

Ó fi àkísà nu ọwọ́. "Ariwo báwo, Bàbá Tíṣà? Ṣé ó ń kùn ni, àbí ó ń kù? Ṣé ó ń han ni? Àbí ńṣe ló ń gbá?"

Mo dákẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n níwájú ọkọ̀ ara mi, "ń pariwo" nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. "Ń pariwo" kò sì sọ nǹkan kan fún mẹkáníìkì, bí "ara mi ò yá" kò ṣe sọ nǹkan kan fún dókítà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tó jù sí mi yẹn. Oyin ló ń kùn: ohùn kan tí kò gé, tó wà lábẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí inú ń bí bá ń sọ̀rọ̀ sínú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé òṣìṣẹ́ ń kùn bí owó oṣù bá pẹ́. Òjò ló ń kù: ó ti wúwo létí yín kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tó bá ń han, tín-ín-rín ni ohùn rẹ̀, ó sì ń gún ni létí. Ohun tó bá ń gbá kì í dún láìdákẹ́. Á lù, á dákẹ́, bí ẹ bá tún já sí kòtò, á tún lù. Létí ọ̀gá yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tó ń tọ́ka sí lábẹ́ ọkọ̀. Bó bá ń kù, sàlẹ́ńsà ti lu. Bó bá ń han, páàdì bíréèkì ti jẹ kan irin, tàbí bẹ́líìtì ti ń yọ̀. Bó bá ń gbá, nǹkan kan ti dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Bó bá ń kùn, béárìn ni, tàbí jíà.

"Ó ń kùn," mo ní. "Láàárín máìlì 40 sí 50 ni. Bí mo bá ti kọjá ibẹ̀, n kì í gbọ́ ọ mọ́."

"Ẹ fi sí fóò-báì-fóò fún ìṣẹ́jú kan, níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́, kí ẹ gbọ́ bóyá á ṣì máa kùn."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó kún títì. Bí mo ṣe yí i sí fóò-báì-fóò báyìí, ohùn náà gé bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò. Nígbà tí mo padà lọ sọ fún un, kò tiẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Béárìn kékeré inú dífárẹ́ńṣà iwájú nìyẹn, ọwọ́ dírẹ́bà. Ó ti jẹ."

Ó ti jẹ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé dúró díẹ̀ níbẹ̀. Béárìn kì í jẹun, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́. Síbẹ̀ béárìn ń jẹ, táyà ń jẹ, gìgísẹ̀ bàtà ń jẹ. Ohun tí ara kan ara, tí irin ń ha irin díẹ̀díẹ̀ títí àyè tó há á fi fẹ̀, òun là ń pè ní jíjẹ. Ẹni tó bá ń ti inú èdè mìíràn ronú bọ̀ á kọ ọ́ pé "wọ́n ti lo béárìn náà jù," tàbí pé "béárìn náà ti gbó." Gbó kò burú, àmọ́ ọjọ́ orí ni gbó ń sọ. Aṣọ lè gbó sínú àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ rí. Béárìn tó wà nínú páálí rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn lè gbó. Kò lè jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í da ìbàjẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn ní ọgbà yẹn. Bẹ́líìtì ló ń já, nítorí ó jọ okùn. Ṣáfúùtì ló ń ṣẹ́, bí igi àti egungun. Gíláàsì ń fọ́, táyà ń bẹ́, rédíétọ̀ ń jò, nọ́ọ̀tì ń tú, bátìrì ń kú. Ọmọ ọmọ mi kan wá kí mi láti Ìlú Ọba, ó bá mi dé ibẹ̀, ó sì fẹ́ fi Yorùbá rẹ̀ hàn. Ó tọ́ka sí ọkọ̀ kan, ó ní, "Ṣáfúùtì rẹ̀ ti já." Wọn ò bá a wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ kàn rọra bi í léèrè bóyá okùn ni wọ́n fi ń ṣe ṣáfúùtì lọ́hùn-ún.

Ẹ ti rí i pé gbogbo orúkọ tí mo ń dá yìí, àyálò ni. Àwọn kan á ní kí á wá orúkọ Yorùbá fún béárìn àti dífárẹ́ńṣà. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n n kò rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ èdè ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi kọ́ni nípa gírámà àti lítíréṣọ̀, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde fún wọn ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ni olóòtú rẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó nítorí ọgbà mẹkáníìkì. Àwọn fúnra wọn ló fi òfin èdè tún àwọn ọ̀rọ̀ náà rọ: Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í fẹ́ kí méjì dúró ti ara wọn, wọ́n wá fi fáwẹ̀lì dí ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, wọ́n sì fi òmíràn la àárín sípánà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa lọ́wọ́. Orúkọ ni wọ́n yá. Ohun tí irin ń ṣe, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ Yorùbá tó mọ́, òdì-kejì èyí là ń ṣe: orúkọ wa mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀-ìṣe wa ló ti jẹ.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni àtúnṣe ọkọ̀ mi bọ́ sí. Ọ̀gá ń lọ sílé, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì mọ dífárẹ́ńṣà. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ fúnra yín pààrọ̀ ẹ̀. Màá máa bá yín sọ ọ́ lórí fóònù." Ẹ jọ̀wọ́, "fúnra yín" ló sọ, kì í ṣe "fún ara yín." Èyí tó papọ̀ ń sọ pé ẹlòmíràn kọ́ ló ṣe é, èyí tó pínyà ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ni àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó ra ẹran fún ara rẹ̀ lè má fúnra rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ó sì ní kí n "pààrọ̀," kò ní kí n "yí i padà." Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń polówó pé "ẹ yí ọ́ìlì ọkọ̀ yín padà." Kí ni a fẹ́ kí ọ́ìlì yí padà di? Ohun tí a bá yí padà, òun náà la ṣì ní lọ́wọ́, bóyá ó dojú délẹ̀, bóyá ó ti di nǹkan mìíràn. Ohun tí a bá pààrọ̀, ó ti lọ, irú rẹ̀ ti wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ dárúkọ méjèèjì pọ̀, ẹ ní ẹ fi tuntun rọ́pò èyí tó ti jẹ.

Ọjà Ládìípọ̀ ni mo ti lọ ra tuntun. Ẹni tó ń tà á bi mí bóyá Belgium ni mo fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra irin ọkọ̀, kì í ṣe orílẹ̀-èdè ló ń sọ. Ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun ni Belgium. Odindi ọkọ̀ ni tòkunbọ̀, ẹ̀yà rẹ̀ ni Belgium, àlòkù sì ni baba àwọn méjèèjì. Mo ní tuntun ni, ojúlówó. Ta ló ń fi béárìn tó ti jẹ díẹ̀ rọ́pò èyí tó ti jẹ tán?

Mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Ẹ ti fi sítáàǹdì sí i? Jáàkì ni wọ́n fi ń gbé e o, kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń dá a dúró."

Mo ní mo ti fi sí i. Mo bi í bóyá ọwọ́ òsì mi ni béárìn náà wà, ó sì tún un sọ: "Ọwọ́ dírẹ́bà." Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ọkọ̀, tó kọ orí sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn, òsì rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tún ẹni tó dúró. Ibi tí dírẹ́bà ń jókòó kì í yí ní tirẹ̀, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ yí i, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, nígbà tí a kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Bóòtì méjì wà lára dífárẹ́ńṣà náà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà, nọ́ńbà 10, tú wọn. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú."

Mo bi í pé kí ló dé.

"Bí ẹ bá da ọ́ìlì nù tán nísàlẹ̀, tí ti òkè wá ti dógùn-ún mọ́ ibẹ̀ tí kò tú, níbo lẹ fẹ́ gbà rọ òmíràn sí i?"

Ẹ gbọ́ dógùn-ún. Ìwé fẹ́ràn dípẹtà, òun náà sì dára. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí mi ju ìyẹn lọ: "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tú wọn." Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ ọ́, ì bá kọ "ẹ tú wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́," n ó sì fi gègé pupa fà á. Pẹ̀lú ń kó ẹni méjì rìn pọ̀: mo lọ pẹ̀lú ìyàwó mi. Bí mo bá tú nọ́ọ̀tì pẹ̀lú sípánà, ó dà bíi pé èmi àti sípánà la jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tàbí pé mo tú àwọn méjèèjì. Irinṣẹ́, fi ló ni ín. Mo fi jáàkì gbé e. Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 35 tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Ó kan ṣáfúùtì. Mo ń wá nọ́ọ̀tì tí n ó tú, ọ̀gá ní, "Ẹ má wá nọ́ọ̀tì kankan. Kì í tú, yíyọ ló ń yọ. Ẹ fà á." Mo fà á, kò mira. Mo fi irin pẹlẹbẹ tì í láti ẹ̀yìn, ó ta pàá, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ́ìlì síìlì ni béárìn náà wà: òrùka irin kan tí wọ́n to abẹ́rẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú rẹ̀ ká. Bí mo ṣe fi ìka kan àwọn abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ nínú ilé wọn. Mo pè é ní béárìn alábẹ́rẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní ó dára, òun á máa pè é bẹ́ẹ̀.

Tuntun wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ́ìlì síìlì ni mo ti ṣìṣe. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n máa gbá a yíká, díẹ̀díẹ̀. Mo gbá a lápá kan, gbà, apá kejì gbéra sókè, ètè rẹ̀ sì ká. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó ti bàjẹ́. Ó ní, "Ó bàjẹ́ báwo? Ṣé ó ya ni, àbí ó ká, àbí ó kàn wọ́?" Mo ní ó ká. Ó ní kí n lọ ra òmíràn; ká ní ó kàn wọ́ ni, à bá gbá a tọ́. Àṣìṣe náà ná mi ní ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kejì sí Ládìípọ̀ nínú oòrùn.

Nígbà tí èkejì jókòó tán, mo ti ṣáfúùtì padà títí ó fi dún kọ́, mo de gbogbo ohun tí mo tú, mo sì rọ ọ́ìlì jíà gba ihò òkè títí ó fi ṣàn jáde. Mo gbé ọkọ̀ bọ́ sí títì ní ìrọ̀lẹ́. Ó dé 40, ó dé 45, ó dé 50. Mo pa rédíò, mo gbé gíláàsì sókè.

Fóònù dún bí mo ṣe padà dé ilé. "Bàbá Tíṣà, ó ṣì ń kùn?"

"Kò kùn mọ́," mo ní. "Kò kù, kò sì han. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ pásẹ́ńjà, nǹkan kan ń gbá níbẹ̀ bí mo bá já sí kòtò."

"Ìyẹn kì í ṣe wàhálà," ó ní. "Irin tí ìlẹ̀kùn ń kọ́ ló ti dẹ̀. Ẹ tú bóòtì méjèèjì, ẹ sún un sínú díẹ̀, kí ẹ tún un dè."