Orí Keje: Owó Ta Ni Wọ́n San fún Yín?

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Ẹ mọ POS, ẹ mọ àjọ, ẹ mọ bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì. A ò ní padà sórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kírípítò, àti àwọn tó ń kó èèyàn jọ sórí WhatsApp àti Telegram pé kí wọ́n wá fi owó sí i, kó lè di ìlọ́po méjì.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kó yé yín dáadáa nínú orí yìí. Àwọn kíláàsì tó ti kọjá gbọ́ gbogbo ìyókù, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n máa ń padà sí: "Tíṣà, wọ́n san fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣojú mi ni. Báwo ló ṣe máa wá jẹ́ jìbìtì?" Nítorí ìbéèrè yìí ni a ó ṣe rọra kà á. Ẹ má kánjú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kírípítò fúnra rẹ̀. Bitcoin, tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù January ọdún 2009. Kò sí báǹkì kan tó ni ín. Àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Iye rẹ̀ máa ń lọ sókè, ó sì máa ń já wálẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó rà á lè jèrè, ó sì lè pàdánù. Òmíràn ni USDT, tí wọ́n so mọ́ iye dọ́là. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rán owó. Bí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́ sẹ́nì kan, kò sí máníjà báǹkì tí ẹ lè lọ bẹ̀ pé kó bá yín dá a padà. Ó lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí gbájúẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kírípítò kọ́ ni jìbìtì náà. Jìbìtì sogúndogójì ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ní ọdún 1920, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣèlérí pé ẹni tó bá kó owó fún òun yóò rí èrè ìdajì owó náà láàárín ọjọ́ 45. Ó san fún àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ẹ tún un kà: ó san. Owó àwọn tó dé lẹ́yìn ló fi san án.

Kí èyí lè yé yín, ẹ jẹ́ ká wo èésú. Èèyàn 10 ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá kàn á kó ₦50,000. Tí èésú bá yí po tán, iye tí kálukú dá ni kálukú kó. Kò sí ẹni tó kó ju ohun tó dá lọ, kò sì sí ẹni tó kó dín. Bí ẹnì kan bá wá wọ inú èésú yín lọ́la, tó ní ẹni tó bá dá ₦50,000 yóò máa kó ₦100,000, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olórí èésú máa bi í ni pé: ta ló máa dá ₦50,000 kejì? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn èèyàn kì í bi ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ wá látorí fóònù.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹnì kan kó ₦100,000 sílẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ yóò di ₦200,000. Ọjọ́ pé. ₦100,000 rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ku ₦100,000. Wọ́n wá ẹnì kejì, òun náà mú ₦100,000 wá. Wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n sì san ₦200,000 fún ẹni àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ya àwòrán àlẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí WhatsApp, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò purọ́ o. Wọ́n san fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èló ló kù nílẹ̀?

Òdo ni.

Ẹnì kejì ń retí ₦200,000, kọ́bọ̀ kò sì sí nílẹ̀. Àfi kí wọ́n wá èèyàn 2 tuntun. Àwọn 2 yẹn náà ń retí ₦400,000, àfi èèyàn 4. Àwọn 4 di 8, àwọn 8 di 16, àwọn 16 di 32. Ẹ máa ṣe é lọ nínú ìwé yín. Bí ẹ bá sọ ẹnì kan di ìlọ́po méjì nígbà 10, ó ti di 1,024. Nígbà 20, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà 28, ó ti lé ní mílíọ̀nù 268. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó, kò tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a ò tíì yọ tiẹni tó dá a sílẹ̀ o, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ kó tó san fún ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ìṣirò yìí, ẹ wò ó, kò sí ọjà tí ẹnikẹ́ni tà. Kò sí oko tí ẹnikẹ́ni ro. Owó náà kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó kàn kúrò lápò ẹnì kan bọ́ sápò ẹlòmíràn ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ "wọ́n san fún mi," ohun tí ẹ gbọ́ ni pé "ẹnì kan tó dé lẹ́yìn mi mú owó wá." Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Wọ́n san fún mi" túmọ̀ sí "ẹnì kan tó dé lẹ́yìn mi mú owó wá." Sísan náà kì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni. Bí wọn ò bá san fún àwọn tó kọ́kọ́ dé, ta ló máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá? Oúnjẹ tí wọ́n fi ń tan ẹran sínú pańpẹ́ ni owó àkọ́kọ́ yẹn.

A ti rí èyí rí. MMM wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe nílẹ̀ wọn ti wó ní ọdún 1994, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣèlérí lóṣooṣù fún wa. Ẹ rántí PH, ìyẹn kí èèyàn fi owó sílẹ̀; ẹ rántí GH, ìyẹn kí ó gba owó. Wọ́n san, wọ́n san, wọ́n san, títí di oṣù December ọdún 2016, tí wọ́n ti àkáǹtì pa nígbà tí ọdún Kérésì ti ń bọ̀. Àjọ NDIC sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 èèyàn ló pàdánù, owó náà sì tó bílíọ̀nù 18 náírà. Àwọn tó jèrè nínú MMM ní oṣù June ọdún yẹn ló pe àwọn tó pàdánù ní December wọlé.

Lẹ́yìn náà ni CBEX dé. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó ní làákàyè ló ń bá wọn ta kírípítò, wọ́n sì ṣèlérí ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Lójoojúmọ́ ni iye tó wà lójú fóònù ń pọ̀ sí i. Ní oṣù April ọdún 2025, àwọn èèyàn fẹ́ yọ owó, kò jáde. Nígbà tó yá, CBEX ní kí àwọn èèyàn tún san 100 dọ́là, kí àwọn tí owó wọn pọ̀ san 200, kí wọ́n lè fi mọ̀ pé àkáǹtì tiwọn ni lóòótọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ san owó kí ẹ tó gba owó yín, owó yín ti lọ. Ẹ má fi kún un.

Ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì CBEX, wọ́n kó àga, wọ́n kó ẹ̀rọ amúlétutù. Ìbànújẹ́ wọn yé mi, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò dára. Ẹni tó gbé àga lọ kò gba owó rẹ̀ padà. Ó kàn fi olè jíjà kún àdánù ni. Àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì EFCC ni a ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ iye ojú fóònù yìí náà gba àlàyé. Nọ́ńbà tí ẹ rí lójú fóònù kì í ṣe owó. Ẹni tó ṣe áàpù náà lè kọ iye tó bá wù ú síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ruja Ignatova, ọmọ ilẹ̀ Bulgaria, dá OneCoin sílẹ̀ ní ọdún 2014. Ó kó èrò rẹpẹtẹ jọ sí gbọ̀ngàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2016. Iye OneCoin ń lọ sókè ṣáá, kò wálẹ̀ rí, nítorí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ iye tó bá wù ú. Ní oṣù October ọdún 2017, obìnrin náà pòórá. Ní ọdún 2022, FBI kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn mẹ́wàá tí wọ́n ń wá jù. Ohun tó bá ń lọ sókè lójoojúmọ́ láìwálẹ̀ rí kì í ṣe ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ.

Kí ló wá dé tí ọlọ́gbọ́n èèyàn fi ń bọ́ sínú rẹ̀? Nítorí ẹni tó pè wọ́n ni. Àjèjì kọ́ ló ń pe èèyàn. Àna ni, olùkọ́ ọmọ ẹni ni, àwọn tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, ẹni tí a jọ ń lọ sí àsàlátù ni. Ẹni náà kì í sì í ṣe olè lọ́pọ̀ ìgbà; òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín, torí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: èèyàn lè jẹ́ olóòótọ́ kó sì máa pè yín sínú irọ́. Ó rí owó tó wọlé fún un. Kò rí ibi tí owó náà ti wá. Ohun tí kò rí ni kí ẹ bi í.

Ẹgbẹ́ Telegram àwọn tó ń ṣe sogúndogójì náà ní ìṣe tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ máa ń kí yín káàárọ̀, wọ́n á máa gbàdúrà fún yín. Àwòrán àlẹ́ẹ̀tì kì í tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé "Níbo ni èrè yìí ti ń wá?" kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọn á ní ẹlẹ́mìí òṣì ni yín, ẹ ò fẹ́ kí ẹlòmíràn là. Tí ẹ bá tún un bi, wọn á yọ yín kúrò. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ owó, wọn á ní ẹ má yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó máa yí. Ẹ padà sórí ìṣirò wa: bí ẹ kò bá yọ ọ́, wọn ò ní nílò ẹni tuntun kíákíá. Sùúrù yín ló ń fún wọn ní ọjọ́ púpọ̀ sí i láti kó tàwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gùn. Ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ń sọ pé ilé iṣẹ́ kan ní orúkọ ni. Kò fún un láṣẹ láti gba owó aráàlú fún èrè. Àjọ SEC ló ń fún èèyàn ní àṣẹ yẹn, ó sì sọ gbangba pé CBEX kò gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Òfin ìdókòwò tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti ka sogúndogójì sí ọ̀ràn: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà ló wà níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn kan nínú kíláàsì kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tó jèrè nínú sogúndogójì, owó ẹnì kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹnì kan ni, tàbí owó ìfẹ̀yìntì bàbá kan. Ìpín kékeré tí wọ́n máa ń fún èèyàn torí pé ó mú ẹlòmíràn wọlé burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ìfọkàntán tí àbúrò yín ní sí yín ni ẹ tà. Bí ẹ bá mọ̀ pé yóò wó, tí ẹ sì wọlé pé ẹ ó tètè jáde, ẹ ti mọ̀ọ́mọ̀ yàn pé kí ẹlòmíràn sunkún. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá sì ti pàdánù, kó má gba àwọn tó ń sọ pé àwọn á bá a gba owó rẹ̀ padà bó bá san díẹ̀ ṣáájú. Gbájúẹ̀ kejì nìyẹn. Kó má sì fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àpamọ́wọ́ kírípítò rẹ̀, ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 yẹn, han ẹnikẹ́ni láé.

Iṣẹ́ ilé: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé, "Owó ta ni wọ́n san fún yín?" Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò èèyàn 1, 2, 4, 8 yẹn níwájú ẹnì kan nílé, pàápàá ọmọ yín tó ń lo fóònù jù yín lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín sí irú òwò yìí kí a tó tún pàdé, ẹ bi í ní ìbéèrè náà, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.